Títún Iná Sípọ́ọ̀tì Tò Nínú Àwòrán Oníwọ̀n Mẹ́ta: Ibi Tí Iná Dúró Ṣáájú Agbára Rẹ̀

Kò sí ọ̀sán, kò sí òṣùpá, kò sí fìtílà kankan nínú òfìfo tí sọ́fítíwíà ayàwòrán oníwọ̀n mẹ́ta ń fi lé oníṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí ó bá ṣí i, àfi iná tí oníṣẹ́ náà tàbí àwọn tí ó ṣe sọ́fítíwíà náà bá gbé kalẹ̀ síbẹ̀. Àwòrán oníwọ̀n mẹ́ta ni àwòrán tí àwọn nǹkan inú rẹ̀ ní gígùn, ìbú àti jíjìn, tí ènìyàn lè yí po kí ó sì wò láti ẹ̀yìn tàbí láti òkè, yàtọ̀ sí àwòrán orí ìwé tí kò ní ju gígùn àti ìbú lọ. Nínú oríṣiríṣi iná tí irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀ ń pèsè, iná sípọ́ọ̀tì ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dá lé lórí, ìyẹn iná tí ń bẹ̀rẹ̀ láti ojú kan ṣoṣo tí ó sì ń fẹ̀ sí i bí ó ṣe ń jìnnà, tí ìrísí rẹ̀ fi dà bí àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo sínú ìgò, nígbà tí wọ́n bá dojú ẹnu rẹ̀ tí ó gbòòrò kọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí ó hàn. Ìrísí yìí ni àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pè ní kóònù.

Ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ kò ṣòro láti sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ náà kì í tètè gbà á: agbára iná wà lára ohun ìkẹyìn tí ó yẹ kí oníṣẹ́ fọwọ́ kàn. Bí àwòrán bá ṣókùnkùn, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a sáré lọ fi kún nọ́ńbà agbára. Bí ó bá mọ́lẹ̀ jù, wọn a sáré lọ dín in kù. Wọn a sì máa lọ síwá sẹ́yìn láàárín nọ́ńbà méjì láìmọ̀ pé ibi tí iná náà dúró, ibi tí ó kọjú sí, bí kóònù rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, àti bí orísun rẹ̀ ṣe tóbi tó ni ó ń ba àwòrán wọn jẹ́. Iná tí ó wà níbi tí kò yẹ, bí wọ́n bá sọ agbára rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́wàá, àṣìṣe ìbẹ̀rẹ̀ náà ni yóò túbọ̀ hàn.

Iná sípọ́ọ̀tì kò bá kọ̀ǹpútà dé. Orí ìtàgé ni ó ti wá, níbi tí àwọn onítíátà ti ń lò ó láti yọ òṣèré kan sọ́tọ̀ láàárín ogunlọ́gọ̀. Ní ọdún 1932, Stanley McCandless, olùkọ́ ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwé jáde lórí ọ̀nà títan iná sí orí ìtàgé, ó sì dámọ̀ràn pé kí iná méjì kọjú sí òṣèré, ọ̀kan láti ọ̀tún, èkejì láti òsì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa bọ̀ láti òkè ní nǹkan bí dígírì 45, kí àwọ̀ ọ̀kan móoru bíi ti iná igi, kí ti èkejì sì tutù bíi ti òwúrọ̀. Ohun tí ó yẹ kí olùkàwé ṣàkíyèsí nínú ìmọ̀ràn náà ni pé ibi tí iná wà àti igun tí ó ń gbà wọlé ni McCandless fi ṣe ìpìlẹ̀ ètò rẹ̀.

Nígbà tí àwòrán kọ̀ǹpútà ṣì ń rá kòrò, iná inú rẹ̀ kò ju ojú kan tí ń tàn yíká bákan náà lọ, tàbí ìmọ́lẹ̀ bíi ti oòrùn tí ń bọ̀ láti òkèèrè. Ní ọdún 1983 ni David Warn, ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí General Motors, iléeṣẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan síwájú SIGGRAPH, ìpàdé ọdọọdún àwọn onímọ̀ àwòrán kọ̀ǹpútà. Ó wo ohun tí àwọn ayafọ́tò ń ṣe sí iná nínú yàrá iṣẹ́ wọn, ó sì fi ìṣirò ṣe irú rẹ̀: ó fún iná ní ibi tí ó kọjú sí, ó fún un ní ìwọ̀n tí ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ṣù jọ sí àárín tó, ó sì fún un ní ìdènà tí ń gé ìmọ́lẹ̀ kúrò níbi tí wọn kò bá fẹ́ ẹ. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn èyí, ní 1986, iléeṣẹ́ Pixar gbé fíìmù kékeré kan jáde tí ó ń jẹ́ Luxo Jr., tí John Lasseter darí, tí kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì lọ. Àtùpà orí tábìlì méjì, ńlá kan àti kékeré kan, ni ó ń ṣeré nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tí ó ń jáde láti orí wọn sì ń ju òjìji sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń yí ọrùn. Wọ́n yan fíìmù náà fún ìdíje ẹ̀bùn Oscar, ó sì ti hàn gbangba láti ìgbà náà pé iná tí ó mọ ibi tí ó kọjú sí lè gbé ìtàn ró láìsí ọ̀rọ̀ ẹnu.

Sọ́fítíwíà tí àwọn àpẹẹrẹ inú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ti wá ni Blender. Ton Roosendaal ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Netherlands, ní ọdún 1994. Ní ọdún 2002, lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn láti ibi púpọ̀ ti dá 100,000 Yúrò jọ, ó di ohun tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó lò, kí ó sì tún un ṣe. Lábẹ́ iná sípọ́ọ̀tì nínú Blender, olùlò yóò rí àwọ̀ iná náà, yóò sì rí àpótí mẹ́rin pàtàkì: Power, èyí tí ń sọ agbára, Radius, èyí tí ń sọ bí orísun ìmọ́lẹ̀ ṣe tóbi tó, Spot Size, èyí tí ń sọ bí kóònù ṣe fẹ̀ tó, àti Blend, èyí tí ń sọ bí etí ìmọ́lẹ̀ ṣe rọ̀ tàbí ṣe mú tó. Kò sí àpótí fún ibi tí iná dúró àti ibi tí ó kọjú sí láàárín àwọn wọ̀nyí, nítorí pé ọ̀tọ̀ ni ibi tí sọ́fítíwíà náà kó wọn sí, lọ́dọ̀ ètò gbígbé nǹkan kiri tí ó kan gbogbo ohun inú àwòrán. Bóyá ìyàsọ́tọ̀ yìí wà lára ohun tí ń mú kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbàgbé pé ètò iná ni àwọn náà jẹ́, nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn gan-an ni olórí ètò.

Ìdí tí ibi tí iná dúró fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ wà nínú òfin kan tí Johann Lambert, onímọ̀ ìṣirò, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1760. Òfin náà sọ pé ìmọ́lẹ̀ tí ó bá nǹkan ní ojú gbọọrọ, tí ó kọlù ú tààrà, a máa tàn sí i ju ìmọ́lẹ̀ tí ó gbà á ní ẹ̀gbẹ́ lọ, àti pé bí igun náà ṣe ń pọ̀ sí i ni ìmọ́lẹ̀ tí ojú nǹkan náà ń gbà ń dín kù, ní ìbámu pẹ̀lú nọ́ńbà tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pè ní kósáìnì igun náà. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kọlu ojú kan tààrà, ìyẹn ní dígírì 0, kósáìnì rẹ̀ jẹ́ 1. Bí ojú náà bá tẹ̀ ní dígírì 5 péré, ó di 0.996, ìyàtọ̀ tí ojú ènìyàn kò lè rí. Ṣùgbọ́n bí ìmọ́lẹ̀ bá ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé ní dígírì 75, kósáìnì rẹ̀ jẹ́ 0.259, bí ojú náà bá sì tún tẹ̀ ní dígírì 5 yẹn kan náà, ó di 0.174, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ìdá kan nínú mẹ́ta ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti lọ. Títẹ̀ díẹ̀ kan náà ni. Igun iná nìkan ni ó sọ bóyá yóò hàn tàbí kò ní hàn.

Kò sí ohun tí ó fi èyí hàn dáadáa bí orí idẹ Ilé-Ifẹ̀. Nínú àwọn orí tí wọ́n wú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní ọdún 1938, àwọn kan wà tí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ gba gbogbo ojú wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí ìlà náà kò sì jìn. Bí oníṣẹ́ bá ṣe irú orí bẹ́ẹ̀ nínú Blender, tí ó gbé iná sípọ́ọ̀tì sí ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà kí ó kọjú sí imú orí náà tààrà, ìlà wọ̀nyẹn yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, ojú náà yóò sì pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ tí ó ti jẹ, nítorí pé gígá àti kíkòtò inú ìlà ń gba ìmọ́lẹ̀ bákan náà. Bí ó bá gbé iná náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ títí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fi ń rá gba orí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọjá, láìfọwọ́ kan nọ́ńbà agbára rárá, ìlà kọ̀ọ̀kan yóò ní ẹ̀gbẹ́ tí ó mọ́lẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ tí ó ṣókùnkùn, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn àgbà Ifẹ̀ yóò sì jáde bí wọ́n ṣe ṣe é. Ẹni tí ó bá fi agbára wá ìlà yẹn láti iwájú kò ní rí i láéláé. Fún iṣẹ́ tí ó bá ní fífín nínú, yálà igi tàbí òkúta tàbí idẹ, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ẹ̀gbẹ́ wo ni ìmọ́lẹ̀ yóò gbà.

Ọ̀nà kan wà nínú Blender tí ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀, tí kò sì pọ̀ lẹ́nu àwọn olùkọ́ tó bí ó ṣe yẹ. Bí ènìyàn bá yan iná sípọ́ọ̀tì, tí ó sì tẹ Ctrl pẹ̀lú 0 tí ó wà ní apá nọ́ńbà lára kíbọọ̀dù, sọ́fítíwíà náà yóò sọ iná náà di kámẹ́rà, olùlò yóò sì máa fi ojú iná náà wo àwòrán. Ohunkóhun tí kò bá rí láti ibẹ̀, inú òjìji ni yóò wà, nítorí náà ó lè gbé iná náà kiri títí tí yóò fi rí gbogbo ohun tí ó fẹ́ kí ó mọ́lẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí ohun tí ó fẹ́ fi pamọ́ fara pamọ́. Bí ó bá parí, yóò yan kámẹ́rà gidi, yóò tún tẹ bọ́tìnì kan náà, ohun gbogbo yóò sì padà bọ̀ sípò. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ènìyàn bá lò báyìí sàn ju wákàtí kan tí yóò fi máa tún nọ́ńbà kọ lọ.

Lẹ́yìn ibi tí iná dúró ni fífẹ̀ kóònù, èyí tí Blender ń fi dígírì kà nínú Spot Size, tí ó sì máa ń bẹ̀rẹ̀ ní 45. Nọ́ńbà yìí nìkan kò sọ bí ìmọ́lẹ̀ yóò ṣe fẹ̀ tó lórí ilẹ̀. Ìjìnnà ni ó ń parí ọ̀rọ̀ náà fún un. Kóònù dígírì 45 tí ó wà ní mítà 4 sókè yóò ya òbìrí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mítà 3.3 sórí ilẹ̀. Bí wọ́n bá sọ ọ́ di dígírì 30, òbìrí náà yóò di mítà 2.1. Ènìyàn tí ó bá ń wá òbìrí ìmọ́lẹ̀ kékeré lè sọ kóònù di tín-ín-rín, ó sì lè sún iná mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán méjèèjì kò ní jọra, nítorí pé sísún iná yóò yí igun, yóò yí gígùn òjìji, yóò sì yí líle ìmọ́lẹ̀ padà pẹ̀lú.

Níhìn-ín ni àṣìṣe kan ti máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí ń gbé iṣẹ́ láti inú sọ́fítíwíà kan lọ sí òmíràn. Blender àti Unity, tí í ṣe sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, ń ka igun kóònù láti etí kan dé etí kejì. Unreal Engine, tí í ṣe sọ́fítíwíà géèmù mìíràn, ń kà á láti àárín dé etí kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ náà sì ni OpenGL ìgbà àtijọ́, ètò tí ó jáde ní ọdún 1992 tí kọ̀ǹpútà fi ń bá ẹ̀rọ ayàwòrán inú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Oníṣẹ́ tí ó bá fi ọwọ́ da 45 kọ láti inú Blender sínú Unreal yóò rí kóònù tí ó fẹ̀ tó dígírì 90, yóò sì máa rò pé agbára ni ó ń yọ òun lẹ́nu. Ìdajì nọ́ńbà náà, ìyẹn 22.5, ni ó yẹ kí ó kọ.

Fífẹ̀ kóònù tún kan bí òjìji ṣe mọ́ tó nínú géèmù. Ní ọdún 1978, Lance Williams, onímọ̀ àwòrán kọ̀ǹpútà, ṣàlàyé ọ̀nà kan tí kọ̀ǹpútà fi lè ya àwòrán ohun tí iná ń rí, kí ó sì fi pamọ́ bí àwòrán ilẹ̀, kí ó lè máa wò ó láti mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ dé àti ibi tí kò dé. Àwọn oníṣẹ́ ń pe àwòrán yìí ní máàpù òjìji. Iná sípọ́ọ̀tì rọrùn fún ọ̀nà yìí nítorí pé ibì kan ṣoṣo ni ó ń wò, ṣùgbọ́n máàpù náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Bí ó bá ní ojú kéékèèké (píkísẹ́ẹ̀lì) 1,024 ní ìbú, tí ó sì bo òbìrí mítà 3.3 yẹn, ojú kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 3. Bí wọ́n bá ṣí kóònù náà sí dígírì 120 ní mítà 4 kan náà, òbìrí náà yóò fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 13.9, ojú kọ̀ọ̀kan yóò sì tó mìlímítà 13, etí òjìji a wá rí págunpàgun. Bí irú òjìji bẹ́ẹ̀ bá yọjú, kí oníṣẹ́ kọ́kọ́ wo bóyá kóònù rẹ̀ fẹ̀ ju ohun tí ó ń tan ìmọ́lẹ̀ sí lọ.

Ìjìnnà ni ó wá so gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí mọ́ agbára. Johannes Kepler, onímọ̀ ìràwọ̀, ti kọ ọ́ ní ọdún 1604 pé ìmọ́lẹ̀ tí ń jáde láti ojú kan a máa fọ́n ká bí ó ṣe ń lọ, tí líle rẹ̀ fi ń dín kù ní ìbámu pẹ̀lú ìjìnnà tí wọ́n sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀. Bí iná bá wà ní mítà 2 sí nǹkan, tí wọ́n sì gbé e lọ sí mítà 4, ìmọ́lẹ̀ tí ó dé ibẹ̀ yóò di ìdá kan nínú mẹ́rin; iná 100 wáàtì ní mítà 2 ni yóò nílò 400 wáàtì ní mítà 4 kí ojú nǹkan náà tó lè mọ́lẹ̀ bákan náà. Kì í ṣe ojú nǹkan kan nìkan ni òfin yìí kàn. Bí ènìyàn méjì bá dúró tẹ̀ léra, tí iná wà ní mítà 1 sí ti iwájú àti mítà 2 sí ti ẹ̀yìn, ẹni ẹ̀yìn kò ní gba ju ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ ẹni iwájú lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fa iná náà sẹ́yìn tó mítà 5 sí ti iwájú àti 6 sí ti ẹ̀yìn, ẹni ẹ̀yìn yóò gba nǹkan bí ìdá 69 nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, oníṣẹ́ tí ó bá fẹ́ kí ẹni kan yọ láàárín òkùnkùn, kí ó gbé iná súnmọ́ ẹni náà kí ó sì dín agbára kù. Èyí tí ó bá fẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ mọ́lẹ̀ dọ́gba, kí ó fà á sẹ́yìn kí ó sì fi kún agbára. Agbára ń tẹ̀ lé ìpinnu tí ìjìnnà ti ṣe ni.

Ó yẹ kí olùkàwé mọ̀ pẹ̀lú pé wáàtì inú Blender kì í ṣe wáàtì tí wọ́n ń kọ sára gílóòbù iná mànàmáná. Èyí tí ó wà lára gílóòbù ń sọ iye iná mànàmáná tí ó ń jẹ, tí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ń di ooru lásán. Èyí tí ó wà nínú Blender ń sọ agbára ìmọ́lẹ̀ gan-an tí ó ń jáde. Ìwé ìtọ́nisọ́nà sọ́fítíwíà náà dámọ̀ràn 0.05 wáàtì fún àbẹ́là, àti 22 wáàtì pẹ̀lú kóònù dígírì 125 fún iná iwájú ọkọ̀. Ohun mìíràn tí ó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu ni pé sísọ kóònù di tín-ín-rín nínú Blender kò mú kí ìmọ́lẹ̀ àárín rẹ̀ le sí i, yàtọ̀ sí tọ́ọ̀ṣì tí lẹ́ńsì rẹ̀ ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ. Ńṣe ni Blender ka iná sípọ́ọ̀tì sí iná tí ń tàn yíká tí wọ́n sì bo ibi tí kóònù kò dé. Unreal lè ṣe bíi ti tọ́ọ̀ṣì bí olùlò bá yan lúmẹ́ẹ̀nì, òǹkà tí ń sọ àpapọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí iná mú jáde. Bí ó bá yan kándẹ́là, òǹkà tí ń sọ líle ìmọ́lẹ̀ sí apá kan, fífẹ̀ kóònù kò ní yí líle rẹ̀ padà. Nínú Maya ẹ̀wẹ̀, tí í ṣe sọ́fítíwíà àwòrán oníwọ̀n mẹ́ta mìíràn, iná sípọ́ọ̀tì tirẹ̀ a máa wá láìsí ìdínkù kankan nítorí ìjìnnà àfi bí olùlò bá tan ìdínkù náà, àwòrán tí ó bá sì jáde láìsí i kì í jọ ti inú ayé.

Radius ni ètò mìíràn tí ìtọ́jú rẹ̀ yẹ kí ó gba sùúrù. Orísun ìmọ́lẹ̀ tí kò ní ìwọ̀n rárá, tí Radius rẹ̀ jẹ́ 0, a máa ju òjìji tí etí rẹ̀ mú bí ẹni fi abẹ gé e, irú rẹ̀ kò sì sí nínú ayé, nítorí pé oòrùn pàápàá ní fífẹ̀ lójú ọ̀run. Bí orísun bá ṣe tóbi sí i ni etí òjìji yóò ṣe máa rọ̀, iye tí yóò sì fi rọ̀ ṣeé ṣírò: fífẹ̀ orísun, tí í ṣe ìlọ́po méjì Radius, ni wọn yóò sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ìjìnnà tí ó wà láàárín ohun tí ó ń dínà àti ògiri, wọn yóò sì fi ìjìnnà láàárín iná àti ohun tí ó ń dínà pín in. Bí Radius bá jẹ́ mítà 0.1, tí ènìyàn wà ní mítà 2 sí iná, tí ògiri sì wà ní mítà 1 lẹ́yìn ènìyàn náà, eteetí òjìji yóò fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10. Ìṣirò yìí ni ó fà á tí ẹsẹ̀ ènìyàn tí ó kan ilẹ̀ fi ń ní òjìji tí ó mú, nígbà tí òjìji orí rẹ̀ ń rọ̀; àwòrán tí kò bá ní ìyàtọ̀ yìí a máa dà bí ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Radius ti kan àwọn oníṣẹ́ ilẹ̀ wa jù lọ ni ara ènìyàn dúdú. Ìmọ́lẹ̀ tí ó bá kọlu ara ènìyàn a máa pín sí méjì: apá kan wọ inú awọ lọ, ó fọ́n ká nínú rẹ̀, ó sì gbé àwọ̀ ara jáde, apá kejì, tí kò tó ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún bí ó bá kọlu ara tààrà, a máa ta padà láti ojú awọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ta padà lára omi, èyí sì ni dídán tí ènìyàn ń rí ní iwájú orí àti lórí imú. Apá kejì yìí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láàárín ẹni dúdú àti ẹni pupa. Apá kìíní ni ó kéré lára ẹni dúdú, nítorí náà dídán ni ó ń sọ ìrísí ojú dúdú ju ohun mìíràn lọ. Oníṣẹ́ tí ó bá fi ètò tí wọ́n ṣe fún ara funfun tan ìmọ́lẹ̀ sí ojú dúdú yóò rí i pé ojú náà ṣókùnkùn, yóò sì fi kún Power. Ohun tí yóò rí gbà ni kóńkó ìmọ́lẹ̀ funfun ní iwájú orí, ògiri ẹ̀yìn tí ó ti fọ́ lójú, àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ó ṣì dúdú láìní ìrísí. Ẹ̀bi náà kò sí lára àwọ̀ ènìyàn. Kí ó dá agbára padà sí ibi tí ó wà, kí ó gbé iná sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, kí ó sì mú Radius tóbi, nítorí pé bí orísun bá ṣe fẹ̀ tó ni dídán ojú yóò ṣe tẹ́ sílẹ̀ tó, tí yóò fi tẹ̀ lé egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti àgbọ̀n dípò kí ó ṣù sí ojú kan. Bí iná kejì bá tún wà lẹ́yìn, tí ó ń fi ìlà ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ yọ orí àti èjìká kúrò lára òkùnkùn, ojú náà yóò ní ẹwà tí ó jẹ́ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ nìkan: ènìyàn tí wọn kò tan ìmọ́lẹ̀ sí bí ó ti yẹ, wọn kò fi í hàn bí ó ṣe rí.

Blend kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Òǹkà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0, níbi tí etí kóònù ti mú, títí dé 1, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń rẹ̀ láti àárín wá sí etí; 0.15 ni ó máa ń wà tẹ́lẹ̀. Kí oníṣẹ́ rántí pé inú kóònù ni rírọ̀ náà ń jẹ wọ̀, tí òbìrí tí ojú ń rí fi ń kéré sí i bí nọ́ńbà náà ṣe ń pọ̀, kí ó sì fi díẹ̀ kún Spot Size bí ó bá nílò rẹ̀. Nípa àwọ̀, ìwọ̀n Kẹ́lífìnì, tí ń sọ bí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ṣe móoru tàbí ṣe tutù tó, dára ju fífi ojú díwọ̀n lọ: àbẹ́là wà ní nǹkan bí 1,900, gílóòbù onírin wà láàárín 2,700 sí 3,200, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán gangan sì wà ní nǹkan bí 5,500. Bí oníṣẹ́ bá sì fẹ́ kí ọ̀wọ̀n ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ hàn nínú afẹ́fẹ́, bí ó ṣe máa ń hàn nígbà ọyẹ́ tí eruku bá gba ojú ọ̀nà, àfi kí ó fi èéfín tí kò ki sínú àwòrán rẹ̀, nítorí pé kò sí ìmọ́lẹ̀ tí ojú lè rí láti ẹ̀gbẹ́ bí kò bá kọlu nǹkan kan.

Kí oníṣẹ́ tó wá dé orí Power, ohun méjì ni kí ó yẹ̀ wò. Èkíní ni ìwọ̀n nǹkan tí ó wà nínú àwòrán rẹ̀. Bí wọ́n bá fi sẹ̀ǹtímítà ṣe ère ènìyàn ní ibòmíràn, tí Blender sì ka sẹ̀ǹtímítà náà sí mítà, ènìyàn tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1.75 yóò di òmìrán mítà 175, iná tí ó yẹ kí ó wà ní mítà 3 yóò wà ní 300, òfin Kepler yóò sì béèrè agbára ìlọ́po 10,000. Ẹni tí ó bá rí i pé ó ń kọ mílíọ̀nù wáàtì, kí ó lọ wọn ère rẹ̀. Èkejì ni bí sọ́fítíwíà náà ṣe ń sọ ìṣirò ìmọ́lẹ̀ di àwọ̀ tí ojú ń rí lórí gíláàsì kọ̀ǹpútà. Láti Blender 4.0, tí ó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, ètò tí wọ́n ń pè ní AgX ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí bí olùlò kò bá yan òmíràn, ó sì máa ń jẹ́ kí àwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ̀ jù rọra di funfun. Bí iná pupa tí oníṣẹ́ gbé kalẹ̀ bá ń di funfun lórí ògiri, kò sí ohun tí ó ṣe àwọ̀ rẹ̀. Agbára ni ó ti pọ̀ jù.

Nígbà náà ni Power kàn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì ní pẹ́, nítorí pé bí àwọn yòókù bá ti dúró ní àyè wọn, sísọ nọ́ńbà náà di ìlọ́po méjì tàbí pípín in sí méjì ní ìgbà díẹ̀ yóò ti tó.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ yìí ní ilé ẹ̀kọ́ gíga àti ní àwọn yàrá iṣẹ́ aládàáni, ẹ má ṣe jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ yín fọwọ́ kan Power títí tí yóò fi lè fi ibi tí iná dúró, igun kóònù àti Radius nìkan ya ojú ènìyàn kan kí ó hàn dáadáa. Ẹ fi ojú àwọn ènìyàn tiwa àti ère àwọn baba wa ṣe ohun ìdánrawò fún wọn, nítorí pé nọ́ńbà tí ó bá wá pẹ̀lú sọ́fítíwíà kò mọ ẹni tí yóò jókòó sí iwájú iná náà.